Reluwé àti Bọ́ọ̀lù: Ta Ló Ni Ẹgbẹ́ Tí Ilé-Iṣẹ́ Dá Sílẹ̀?

Láàárín ọdún 1946 sí 1964, ìgbà méje ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Reluwé ti Èkó gba ife ẹ̀yẹ tó ga jù lọ nínú bọ́ọ̀lù Nàìjíríà: ní 1946, 1948, 1949, 1951, 1956, 1957 àti 1964. Kò sí ẹgbẹ́ mìíràn lórílẹ̀-èdè yìí tó gba iye bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àkókò náà. Lónìí, ẹ lọ sí Èbúté Mẹ́ta, ní àyíká ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ Reluwé ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe láti ayé àwọn òyìnbó, kí ẹ bi ọ̀dọ́ kan léèrè pé ẹgbẹ́ wo ló ń ṣe. Á dá yín lóhùn kíákíá pé Manchester United ni, tàbí Arsenal, tàbí Chelsea. Bó bá jẹ́ Manchester United ló dárúkọ, ẹgbẹ́ reluwé náà ló ń ṣe, àmọ́ reluwé òkèèrè ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin ló dá a sílẹ̀ ní 1878. Ti àdúgbò tirẹ̀ ni kò mọ̀. N kò dá a lẹ́bi, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyẹn. Àwọn ilé-iṣẹ́ reluwé bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù káàkiri ayé, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé Uruguay àti Argentina, láti Rọ́ṣíà dé Mòsáḿbíìkì, láti Íńdíà dé Èkó. Àwọn kan nínú wọn di òmìrán, àwọn kan sì parẹ́ bí ẹni pé wọn kò sí rí. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé owó ló fà á. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí mo ṣe wo ìtàn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun mìíràn ni mo rí. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá yọwọ́. Ta ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà tó lè dìde kó sọ pé tòun ni ẹgbẹ́ yìí, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní lè jà á níyàn?

Kò ṣòro láti mọ ìdí tí reluwé fi ṣáájú àwọn iṣẹ́ yòókù nínú ọ̀ràn bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ ojú irin máa ń kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin jọ sójú kan. Aago kan náà ni wọ́n ń wọlé, fèrè kan náà ló ń lé wọn jáde, àdúgbò kan náà sì ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé. Ilé-iṣẹ́ ní ilẹ̀ tó tẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, èyí tí wọ́n lè sọ di pápá. Èyí tó wá ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé wọ́n ní ọkọ̀. Ní ayé tí mọ́tò kò tíì gbòde, ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ lọ bá ará ìlú mìíràn gbá bọ́ọ̀lù kò lè ṣe é láìwọ ọkọ̀ ojú irin, àwọn ọmọ reluwé ló sì ni ọkọ̀.

Ní Newton Heath, nítòsí Manchester, ilé-iṣẹ́ Lancashire and Yorkshire Railway ní ẹ̀ka kan tó ń kan àgọ́ ọkọ̀ ojú irin tí èrò ń jókòó sí àti èyí tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka yẹn ló dá ẹgbẹ́ tí wọ́n pè ní Newton Heath LYR sílẹ̀. Aṣọ wọn jẹ́ àwọ̀ ewé àti àwọ̀ wúrà. Pápá wọn ní North Road kì í ṣe ohun àmúyangàn rárá: bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ ni; bí ilẹ̀ bá gbẹ, ó le koránkorán. Kò sí ilé kankan níbẹ̀ tí wọ́n ti lè pààrọ̀ aṣọ. Inú ilé ọtí kan tó ń jẹ́ Three Crowns ni àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń wọ jẹ́sì, wọn á sì fẹsẹ̀ rìn gba ojú títì lọ sí pápá lójú gbogbo ará àdúgbò. Ilé-iṣẹ́ ló ń bá wọn san owó ilẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ reluwé fa àwọn ọ̀gá nínú bọ́ọ̀lù láti ilẹ̀ Wales wá. Ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá, wọ́n á wá àyè iṣẹ́ fún un. Bí Jack Doughty àti àbúrò rẹ̀, Roger, ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn nìyẹn. Ẹ fi ọ̀nà yìí sọ́kàn, nítorí a máa tún bá a pàdé ní Èkó.

Ní 1892, ẹgbẹ́ náà wọ líìgì àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n yọ orúkọ reluwé kúrò lára tiwọn, tí wọ́n sì sọ ara wọn di ilé-iṣẹ́ tó ní ìpín ìdókòwò tirẹ̀. Ìnira tẹ̀lé e. Wọ́n pàdánù North Road lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó lọ sí Bank Street ní Clayton, níbi tí èéfín ilé-iṣẹ́ ti ń bo pápá mọ́lẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Kìíní 1902, gbèsè tó wà lọ́rùn wọn jẹ́ £2,670, ilé ẹjọ́ sì pàṣẹ pé kí wọ́n tú ẹgbẹ́ náà ká. Harry Stafford, balógun ẹgbẹ́, tó ti Crewe Alexandra wá, ìyẹn láti ìlú reluwé mìíràn, ló sáré kiri. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ajá ńlá kan tó ní ló fa ìpàdé rẹ̀ pẹ̀lú John Henry Davies, olówó tó ń pọn bíà: ajá náà sọnù níbi tí wọ́n ti ń fi í kó owó jọ fún ẹgbẹ́, ó sì dé ọwọ́ Davies. Bí ìtàn ajá bá rí bẹ́ẹ̀ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀, ohun tó dájú ni pé Davies àti àwọn oníṣòwò mìíràn gbé owó kalẹ̀, wọ́n yí orúkọ padà sí Manchester United ní oṣù Kẹrin 1902, wọ́n sì gbé aṣọ pupa àti funfun wọ ẹgbẹ́ náà. Ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn náà ni wọ́n gba líìgì. Ní 1910, wọ́n kó lọ sí Old Trafford, tí ojú irin gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá títí di òní.

Àwọn tó ń kọ ìtàn yìí máa ń gbóríyìn fún Davies nìkan. Èmi gbà pé ọdún 1892 ló ṣe pàtàkì jù. Bí Newton Heath bá ṣì jẹ́ ti reluwé ní 1902, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan ni ìbá jókòó sí ọ́fíìsì, kó fi gègé fa ìlà sórí orúkọ wọn, ọ̀rọ̀ á sì parí. Nítorí pé ẹgbẹ́ náà ti dá dúró ni gbèsè fi jẹ́ tirẹ̀, òun náà ló fà á tí ẹni tó fẹ́ gbà á là fi rí ohun tó lè rà.

Ìtàn Uruguay tún ṣe kedere ju èyí lọ. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1891, àwọn òṣìṣẹ́ reluwé tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ní Montevideo dá Central Uruguay Railway Cricket Club sílẹ̀. Ìlú kékeré Peñarol, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, ni ibùdó wọn wà. Ọmọ ẹgbẹ́ 118 ni wọ́n jẹ́ lọ́jọ́ náà: Gẹ̀ẹ́sì 72, ọmọ ìbílẹ̀ 45, ará Jámánì kan. Dúdú àti àwọ̀ ìyeyè tó jẹ́ àwọ̀ iṣẹ́ ojú irin ni wọ́n mú. Àwọn ló gba líìgì àkọ́kọ́ ilẹ̀ náà ní 1900, wọ́n sì tún gbà á lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bí ẹgbẹ́ ṣe ń gbòòrò, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ìlú ń pọ̀ sí i lórí pápá àti ní ẹ̀gbẹ́ pápá, inú àwọn ọ̀gá kò sì dùn sí i. Ọ̀gá tuntun kan, Charles Bayne, dé ní 1906. Ó ní bọ́ọ̀lù ń mú kí òṣìṣẹ́ máa pa iṣẹ́ jẹ, kò sì fẹ́ ná owó ilé-iṣẹ́ lé e mọ́.

Ìjà náà fà títí di 1913. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹgbẹ́ di ti gbogbo èèyàn, ilé-iṣẹ́ kọ̀. Níkẹyìn wọ́n pín yà: ilé-iṣẹ́ mú orúkọ rẹ̀ lọ, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mú bọ́ọ̀lù lọ, wọ́n sì sọ ara wọn ní Peñarol. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìpínyà yẹn. Ní 1916, Uruguay gba ife ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ ti Gúúsù Amẹ́ríkà, ẹni tó sì gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù lọ níbẹ̀ ni Isabelino Gradín ti Peñarol, ọmọ àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun. Inú bí àwọn ará Chile débi pé wọ́n lọ fẹjọ́ sùn pé Uruguay kó àwọn ará Áfíríkà wá síbi ìdíje. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì 72 ló gbé ọmọ yẹn jáde fáyé rí. Peñarol ló tún gba ife Libertadores àkọ́kọ́ ní 1960, ó sì ti gbà á lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó lé wọn jáde ti kógbá sílé tipẹ́.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Argentina pẹ̀lú wàhálà tó kéré. Rosario Central tí àwọn òṣìṣẹ́ reluwé dá sílẹ̀ ní 1889 ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ní 1903, ó sì yí orúkọ padà. Ó ṣì wà ní líìgì àgbà.

Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé ẹgbẹ́ kò lè gbé lábẹ́ reluwé yóò rí àpẹẹrẹ tó tako o. Lokomotiv Moscow gba ife Soviet àkọ́kọ́ ní 1936, ó gba líìgì Rọ́ṣíà ní 2002, 2004 àti 2018, ti ilé-iṣẹ́ reluwé ìjọba Rọ́ṣíà ló sì jẹ́ títí di òní. Ní Mòsáḿbíìkì, gbogbo ibi tí ojú irin dé ni Ferroviário tirẹ̀ wà: Maputo, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, Beira, Nampula, Nacala. Ilé-iṣẹ́ èbúté àti reluwé ibẹ̀ ṣì ń tì wọ́n lẹ́yìn. Ohun tó so àwọn wọ̀nyí pọ̀ ni pé iṣẹ́ reluwé fúnra rẹ̀ kò ṣubú níbẹ̀. Bí bàbá bá lówó lọ́wọ́, ọmọ lè máa gbé inú ilé.

Íńdíà náà ní tirẹ̀. Ní 1958, Eastern Railway gba líìgì Calcutta mọ́ àwọn àgbà mẹ́ta ìlú náà lọ́wọ́, Mohun Bagan, East Bengal àti Mohammedan Sporting. Ó tó 2019 kí ẹgbẹ́ mìíràn tó tún lè ṣe bẹ́ẹ̀. Pradip Kumar Banerjee, tó jẹ́ balógun Íńdíà níbi Olympics 1960, òṣìṣẹ́ reluwé ni, kò sì fi Eastern Railway sílẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ ńlá kankan. Ó wù mí bí ọkùnrin yẹn ṣe dúró. Síbẹ̀ nígbà tó fẹ̀yìn tì, ògo ẹgbẹ́ náà bá a lọ.

Ti Romania ló yani lẹ́nu jù nínú gbogbo wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtúnkọ̀ṣe reluwé ní Grivița, ní Bucharest, ló dá Rapid sílẹ̀ ní 1923. Ní 2016, gbèsè pa á, wọ́n tú u ká pátápátá. Àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ kò gbà. Wọ́n padà sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò ti ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí Rapid fi padà sí líìgì àgbà ní 2021. Kò sí ilé-iṣẹ́ reluwé kankan tó bá wọn ṣe é.

Ó wá ku Èkó.

Ní 1896 ni ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Iddó, ní 1901 ni wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Kí 1930 tó dé, ó ti gba Òṣogbo, Ọ̀ffà àti Ìlọrin kọjá dé Kánò, ó sì ti so Jos, Enugu àti Port Harcourt mọ́ra. Èbúté Mẹ́ta ni oríkò iṣẹ́ náà. Níbẹ̀ ni ilé ìtúnkọ̀ṣe wà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Lóókò, níbẹ̀ náà ni ọgbà ńlá tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé wà. Ẹ̀yà gbogbo ló pàdé níbẹ̀. Nígbà tí ìdíje ife Gómìnà bẹ̀rẹ̀ ní 1945, tí wọ́n ń gbá àṣekágbá rẹ̀ ní pápá King George V ní Oníkàn, Marine, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ìjọba, ló kọ́kọ́ gbà á. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Reluwé gbà á, ìjà Reluwé àti Marine sì di ohun tí Èkó ń gbé ara rẹ̀ nílẹ̀ fún.

Nǹkan kan wà tí àwọn tó ń kọ nípa ìdíje yẹn kì í sábà tẹnu mọ́. Ẹ wo àwọn tó gba ife náà láti 1945 sí 1964. Yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ Èkó, Kánò gbà á ní 1953, Port Harcourt gbà á ní 1955, 1958 àti 1963, Ibadan Lions gbà á ní 1959 àti 1961. Ojú irin dé gbogbo àwọn ìlú yẹn. Calabar tó gbà á ní 1954 nìkan ni ojú irin kò dé. Ibi tí ọkọ̀ bá dúró sí ni bọ́ọ̀lù ti gbilẹ̀, nítorí ọkọ̀ yẹn náà ló ń gbé agbábọ́ọ̀lù, ìwé ìròyìn àti òkìkí kiri. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn bọ́ọ̀lù Nàìjíríà láìkọ́kọ́ wo àwòrán ojú irin yóò pàdánù ìdajì rẹ̀.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù ìgbà náà kì í gba owó bọ́ọ̀lù. Owó oṣù iṣẹ́ ni wọ́n ń gbà: akọ̀wé ni èyí, oníṣẹ́ irin ni tọ̀hún. Bí ẹsẹ̀ èèyàn bá dára, ilé-iṣẹ́ á wá ipò fún un, gẹ́gẹ́ bí Newton Heath ti ṣe. Ìdí nìyẹn tí orúkọ Tesilimi Balógun fi wà nínú ìwé Marine, nínú ti Reluwé, nínú ti SCOA àti nínú ti Pan Bank. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1927, ọkùnrin gàgàrà tí bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀ rẹ̀ le débi pé àwọn èèyàn sọ ọ́ ní Thunder. Ẹni tó ń gba iṣẹ́ kiri ni, kò sí àléébù níbẹ̀. Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù, làwọn àgbà máa ń wí. Òwe náà le fún òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí: ẹni tó ń san owó oṣù ló ni agbábọ́ọ̀lù, òun ló sì ni ife tó bá gbà.

Ní oṣù Kẹjọ 1949, àwọn agbábọ́ọ̀lù 18 wọ ọkọ̀ ojú omi Apapa láti Èkó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Etim Henshaw ti Marine sì ni balógun wọn. Balógun àti Titus Okere, àwọn ọmọ Reluwé, wà nínú wọn. Púpọ̀ nínú wọn kò wọ bàtà. Wọ́n fi báńdéèjì di ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n sì bọ́ sórí koríko tútù ní ìta Liverpool láti pàdé Marine Crosby tó wọ bàtà. Wọ́n na Crosby ní àmì ayò 5 sí 2. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, wọ́n dúró ní Freetown ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹwàá, wọ́n sì na Sierra Leone 2 sí 0. Ìyẹn ni a kà sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ Nàìjíríà pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn. Okere tún padà sókè òkun ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Swindon Town gbà á, ní ìlú tí reluwé Great Western ti ń kan ẹ́ńjìnnì. Balógun lọ sí Peterborough ní 1955, ó sì lọ sí Queens Park Rangers ní 1956. Ó kú ní 1972. Pápá ìṣeré ńlá kan ní Sùúrùlérè ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹgbẹ́ tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà tó wọ ọkọ̀ Apapa kò sí lára pápá kankan.

Àríyànjiyàn kan wà tó yẹ kí n dá sí. Àwọn kan gbà pé àwọn ọ̀gá reluwé fi bọ́ọ̀lù tan àwọn òṣìṣẹ́ ni, kí wọ́n má bàa ráyè ronú nípa owó oṣù. Ní Èkó, ọ̀rọ̀ yìí dà bí ẹni pé ó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀: ní oṣù Kẹfà ọdún 1945 tí ife Gómìnà bẹ̀rẹ̀ gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, pẹ̀lú àwọn ti reluwé níwájú, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tó lé ní ogójì ọjọ́, nítorí ogun ti sọ oúnjẹ di ọ̀wọ́n tí owó oṣù wọn sì dúró sójú kan. Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ reluwé, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìgbèkùn dé ni. Èmi kò gbà pé bọ́ọ̀lù tu ẹnikẹ́ni lójú nínú ìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ tó dúró bí akọni lọ́dún 1945 làwọn kan náà tí wọ́n ń pariwo fún Reluwé ní Oníkàn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n mọ̀ pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jẹ́ tiwọn, owó tí wọ́n ń dá ló ń gbé e ró. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ wọn kò dá owó sí i, wọn kò ní ìbò nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìṣòro wà.

Nítorí nígbà tí reluwé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó di ẹgbẹ́ náà mú. Ìjọba ti sọ ilé-iṣẹ́ náà di Nigerian Railway Corporation ní 1955. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1967, ó sì gé ojú irin ìlà-oòrùn. Owó epo rọ̀bì dé, títì pọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù gba ẹrù mọ́ ọkọ̀ ojú irin lọ́wọ́. Ní 1988, ilé-iṣẹ́ náà wọ gbèsè débi pé ọkọ̀ kò rìn fún oṣù mẹ́fà. Ilé-iṣẹ́ tí kò rí owó oṣù san, níbo ni yóò ti rí owó bọ́ọ̀lù? Lẹ́yìn 1964, Reluwé kò gba ife náà mọ́. Nígbà tí líìgì orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ ní 1972, tí Mighty Jets ti Jos gba ti àkọ́kọ́, orúkọ Reluwé kò sí lára àwọn tó gbà á, kò sì tíì sí níbẹ̀ títí di òní. ECN, ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná tó di NEPA, bá ọ̀nà kan náà lọ. Leventis United ti Ìbàdàn gba líìgì ní 1986, wọ́n tú u ká lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa tó yàtọ̀ wà ní Ìbàdàn kan náà. WNDC, ilé-iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ló ni ẹgbẹ́ tó gba ife ní 1971. Orúkọ ilé-iṣẹ́ yí padà sí IICC, orúkọ ẹgbẹ́ bá a yí. Ní 1976, wọ́n gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún àwọn tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn, ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ náà ni ẹgbẹ́ yìí, tí a mọ̀ sí Shooting Stars, bọ́ kúrò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, tí ó di ti Ìbàdàn. Ilé-iṣẹ́ ti lọ. Ẹgbẹ́ ti já sísàlẹ̀, ó ti padà sókè, ó tún já, ó tún padà, kò sì sí gómìnà kan tó lè tú u ká kó sun oorun rere. N kò sọ pé ó pé. Owó ìjọba ló ṣì gbé e ró jù, ìyẹn sì ń kọ mí lóminú.

Ẹ má sì jẹ́ ká tan ara wa pé ìfẹ́ àwọn èèyàn nìkan tó. Kò sí ẹgbẹ́ tí Èkó fẹ́ràn tó Stationery Stores, tí Olóyè Israel Adébàjọ dá sílẹ̀. Ó kú ní 1969, aáwọ̀ lórí ẹni tó ni ẹgbẹ́ kò jẹ́ kó sinmi, ó gba líìgì ní 1992, kò sì pẹ́ sígbà náà tó fi kúrò láàárín àwọn àgbà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń sunkún fún un, àmọ́ kò sí èyí tó ní ìwé lọ́wọ́. Àwọn ará Peñarol ní ìwé ọmọ ẹgbẹ́ ní 1913. Newton Heath ní ìpín ìdókòwò ní 1902. Ìfẹ́ pẹ̀lú ìwé ló gbà wọ́n là.

Ojú irin ti ń padà bọ̀ nílẹ̀ wa. Láti 2021 ni ọkọ̀ tuntun ti ń rìn láti Èkó sí Ìbàdàn. Ibùdókọ̀ tó wà ní Èbúté Mẹ́ta ń jẹ́ orúkọ Mobọ́lájí Johnson, pápá Oníkàn tí Reluwé ti gba ife rẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ ọkùnrin kan náà, gómìnà àkọ́kọ́ ìpínlẹ̀ Èkó. Bí ẹnikẹ́ni bá dìde lọ́la pé òun fẹ́ jí ẹgbẹ́ Reluwé dìde, n óò fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kí wọ́n má tún fà á lé ilé-iṣẹ́ nìkan lọ́wọ́. Kí àwọn òṣìṣẹ́ ní ìpín, kí àwọn ará Èbúté Mẹ́ta ní ìpín, kí ìwé ọmọ ẹgbẹ́ wà, kí ìbò wà.

Iṣẹ́ kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dúró de ìyẹn. Ilé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Jaekel House ṣì wà nínú ọgbà Reluwé ní Èbúté Mẹ́ta, wọ́n ti sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń kó ohun ìtàn reluwé sí. Ó yẹ kí yàrá kan wà níbẹ̀ fún àwọn tó gba ife méje wọ̀nyẹn, pẹ̀lú orúkọ olúkúlùkù, iṣẹ́ tó ń ṣe ní Lóókò àti ọdún tó gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yin tí bàbá tàbí bàbá yín àgbà bá reluwé ṣiṣẹ́, ẹ wá inú àpótí wò. Bí ẹ bá rí fọ́tò àwọn ọkùnrin tó tò sẹ́yìn bọ́ọ̀lù kan, ẹ bi àgbà tó bá kù nílé pé àwọn wo nìyí, ẹ kọ orúkọ wọn sẹ́yìn fọ́tò náà, kí ẹ sì gbé e lọ síbi tí gbogbo èèyàn yóò ti rí i.